Ọ̀pá Àṣẹ Oníka Méje

Katakata tó ń la ọ̀nà tuntun ló hú ọ̀pá wúrà náà jáde. Kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó ní ìka méje, ọ̀kan nínú wọn sì ti kán. Ọ̀jọ̀gbọ́n ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọ̀pá àṣẹ ọba ni, pé ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Ìka méje dúró fún ìlú méje. Èyí tó kán ni ìlú tó ṣọ̀tẹ̀.

"Ọmọdé ló ṣẹ́ ẹ," ni obìnrin tó ń nu ilẹ̀ wí.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ bá wa nu ilẹ̀ o," ni ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Ẹ fi ìtàn sílẹ̀ fún àwa tá a kà á."

Obìnrin náà kò bínú. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló gbà á lọ́kàn. Ìjọba ti pàṣẹ pé kí oníkálùkù kó òkú rẹ̀ kúrò ní itẹ́ òkú àtijọ́ tí ọ̀nà tuntun náà gbà kọjá, ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ló sì fẹ́ tún ìyá rẹ̀ sin.

"Mi ò fẹ́ kí nǹkan màámi kankan ṣẹ́kù sẹ́yìn," ló sọ fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

"Mọ́mì, ṣebí eegun lásán ni."

"Tìẹ náà ń bọ̀ wá di lásán."

Àmọ́ mínísítà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kó kọ́kọ́ gbé omi fún àlejò ná, kó tó máa lọ.

Lọ́jọ́ náà, kò wé gèlè. Ó kó irun rẹ̀ jọ sókè gègèrè.

"Ìyàwó wa," ni ẹ̀ṣọ́ pè é, "ta ló fẹ́ fẹ́ yín?"

"Màámi kì í fẹ́ rí mi ní játijàti."

Mínísítà dé pẹ̀lú àwọn ayàwòrán. Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ gbé ọ̀pá náà jáde nínú àpótí díńgí. Nígbà tí mínísítà nawọ́, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi àlejò kó lè fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní mínísítà ṣẹ́jú. Wọ́n tún un yà. Ó tún ṣẹ́jú. Nígbà tí wọ́n máa yíjú padà, ọ̀pá ti wọlẹ̀. Olúkúlùkù rò pé ó wà lọ́wọ́ ẹnìkejì.

Wọ́n tilẹ̀kùn. Wọ́n tú báàgì, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n sẹ́ omi ìnulẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ yẹ obìnrin náà wò láti èjìká dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Kí lẹ ń wá gan-an?"

"Ọ̀pá àṣẹ ọba."

"Mi ò rí ọ̀pá kankan."

"Ẹ máa lọ, Mọ́mì. Ẹ bá wa kí òkú o. Irun yín mà dáa!"

Mínísítà sọ fún àwọn oníròyìn pé iṣẹ́ àwọn ọ̀jáfáfá olè láti òkè òkun ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n sunkún lójú gbogbo ayé.

Létí ibojì tuntun, kí wọ́n tó kan pósí, obìnrin náà tú irun rẹ̀, ó yọ òòyà wúrà tí katakata ti hú kúrò lórí ìyá rẹ̀, ó fi í sípò padà, ó ní, "Màámi, ẹ tún bá mi fojú fo eyín tí mo ṣẹ́ yẹn."