Ọ̀pá Ìyá Onílé àti Àwo Rọ́ọ̀kì Wa

Wọ́n ń bèèrè níbí pé àwo orin rọ́ọ̀kì àtijọ́ wo ló dára jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogójì ọdún rèé tí mo ti kúrò nílé.

Nígbà yẹn, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń rán bàtà nísàlẹ̀ ilé kan, ìyá onílé ń gbé lókè wa.

Àwo eléèpo dúdú ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn. Gìtá rẹ̀ ń han bí ayùn tó kan ìṣó.

Mo ní, "Ariwo gbáà! Èyí tí wọ́n ya iná sí lára èèpo ló lórin nínú."

"Kí lo mọ̀? Etí ẹ ò tíì gbó!"

Èyíkéyìí tí a bá gbé sí i, ọ̀pá ìyá onílé á bẹ̀rẹ̀ lórí àjà wa: gbì, gbì, gbì!

Kíá la ó pa orin náà. Ọ̀pá náà á tún le sí i.

Lọ́jọ́ kan, ìyá onílé ránṣẹ́ pè wá.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó ti parí. Wọ́n fẹ́ lé wa. Ibo la fẹ́ kó ẹ̀rọ ìránbàtà lọ?"

Kí wọ́n tó lanu la ti ń bẹ̀bẹ̀. "Ẹ foríjì wá, Mà. A ò ní gbé rọ́ọ̀kì sí i mọ́ láéláé."

"Ẹ dán an wò, ẹ ó kó jáde lónìí! Mo ń fi ọ̀pá bá onílù inú àwo yẹn lù ú, ẹ̀ẹ́ pa á. Mo ń kànlẹ̀ pé kí ẹ tún gbé e sí i, ẹ̀ẹ́ dákẹ́ bí òkúta!"

Ẹ̀gbọ́n mi rọra bi wọ́n pé, "Mà, èwo lẹ tiẹ̀ fẹ́ràn jù?"

"Èyí tó bá ti pariwo jù."