Igi Dàbínù Alhaji Bassou

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Tuda nígbà tí wọ́n dáná sun igi dàbínù bàbá rẹ̀. Mọ́kànlélógójì ni gbogbo wọn. Létí odò Draa, bí imọ̀ kan bá funfun lórí igi dàbínù, tí ìkejì tún tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé bayoud ti dé nìyẹn, àrùn tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọ gbòǹgbò, tó sì ń pa igi láti inú. Imọ̀ funfun yọ ní oko Addi, bàbá Tuda. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ló yọ ní oko Alhaji Bassou, lórí igi kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n Alhaji Bassou ni olórí ìgbìmọ̀ àgbà. Ó ní oko Addi ni àrùn ti wá. Ó gé igi kan tirẹ̀ yẹn, ó fi ìtí rẹ̀ ṣe igi àjà yàrá àlejò. Ti Addi ni wọ́n hú tán porogodo, tí wọ́n sì sun.

Addi bá iṣẹ́ kùsà èédú lọ sí Jerada. Nígbà tó fi máa di ọdún keje, eruku ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tán. Ọjọ́ tó kú, ó fi ègé igi kan lé Tuda lọ́wọ́, èyí tó gé pamọ́ kí iná tó dé oko.

"Oko Bassou ni àrùn náà ti wá," ó ní. "Kì í ṣe tèmi. Má gbàgbé."

Tuda kò gbàgbé. Èbu, irú èyí tó ń hù lára oúnjẹ tó bá pẹ́, ni bayoud, nítorí náà ìmọ̀ èbu ló lọ kọ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ń wo bí èbu ṣe ń gbé inú ilẹ̀, bó ṣe ń sùn sínú igi gbígbẹ, bó ṣe ń jí. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Wọ́n ní irú ìfẹ́ iṣẹ́ báyìí ṣọ̀wọ́n. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ kan dé sí yàrá àyẹ̀wò wọn ní Marrakech tó lè ka ìran èbu. Bí èèyàn bá fi méjì síwájú rẹ̀, á sọ èyí tó jẹ́ ìyá àti èyí tó jẹ́ ọmọ.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni Tuda lọ sílé.

Alhaji Bassou ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló bu tíì fún àlejò.

"Ọmọ Addi," ó ní. "Iwájú orí bàbá rẹ lo gbé kiri yìí."

"Mo fẹ́ gbẹ́ díẹ̀ lára igi àjà yín, Alhaji."

"Gbẹ́ ẹ. Bó bá wó lù mí, ikú á kàn dín ìrìn rẹ̀ kù ni." Ó rẹ́rìn-ín. "Kí lo ń wá níbẹ̀?"

"Ibi tí àrùn ti bẹ̀rẹ̀."

Arúgbó náà gbé ife kalẹ̀. "Èmi náà ń bi ara mi. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ṣi bàbá rẹ dá lẹ́jọ́, wá sọ ọ́ lójú gbogbo wa."

"Màá wá."

Ní Marrakech, Tuda lọ ègé igi bàbá rẹ̀ àti èyí tó gbẹ́ lára igi àjà, ó ki wọ́n bọ ẹ̀rọ. Ó ka èsì. Ó tún un ṣe. Ó ka èsì. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta.

"Dókítà, ẹ̀rọ náà lẹ́mìí o," Ghizlane tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wí. "Ẹ jẹ́ kó sinmi."

"Mo fẹ́ kó dá mi lójú ni."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ nílé, Tuda dìde láàárín ìgbìmọ̀ àgbà.

"Oko Alhaji ló ti bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Ibẹ̀ ló gbà wọ oko bàbá mi."

Alhaji Bassou wò ó títí.

"Ṣé ó dá ọ lójú, ọmọ mi?"

"Ẹ̀rọ kì í purọ́, Alhaji."

Arúgbó náà ṣí láwàní kúrò lórí. "Ohun tí a ṣe fún Addi, ẹ ṣe é fún mi."

Àwọn ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní igi tó ń so ni, wọ́n lé ní igba, ibẹ̀ ni ilé ti ń jẹun. Kò gbọ́. Òun ló kọ́kọ́ fi iná sí i. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ sórí ilẹ̀ gbalasa tó jẹ́ oko Addi nígbà kan, ó kúnlẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òkú. Tuda dúró títí igi tó kẹ́yìn fi wó. Ogójì ọjọ́ kò pé tí wọ́n fi sin Alhaji Bassou.

"Dókítà, ṣé kí n máa kọ èsì yẹn sílẹ̀ ká lè tẹ̀ ẹ́ jáde?" Ghizlane béèrè nígbà tí Tuda padà dé yàrá àyẹ̀wò.

"Má kọ nǹkan kan."

Tuda ti ilẹ̀kùn. Ó da lẹ́búlẹ́bú igi méjèèjì sínú iná, ó sì fọwọ́.

Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ̀rọ náà sọ ọ́ láìyẹ̀: èbu inú igi Addi ni ìyá, ti inú igi Alhaji Bassou ni ọmọ.