Páìpù Àlọ, Páìpù Àbọ̀

Charif oníṣẹ́ omi ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì sára ògiri pálọ̀ mi ní Gounghin.

Ìlà kan ni páìpù tí omi máa gbà jáde nínú àpótí ẹja onígíláàsì ńlá tí a fẹ́ gbé síbẹ̀. Ìkejì ni èyí tí pọ́ǹpù máa fi dá omi náà padà.

"Àlọ rèé, Tantí. Àbọ̀ rèé."

"Kí méjèèjì dọ́gba."

Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá o. Àlọ ló gbọ́dọ̀ tóbi jù. Bí àbọ̀ bá pọ̀ ju àlọ, omi á kún, á dà sílẹ̀. Àbí ẹ fẹ́ kí ẹja máa rìn lórí kápẹ́ẹ̀tì? Tantí mi tó rẹwà, ẹ gbọ́ tèmi."

"Fi ẹnu dídùn yẹn sílẹ̀. Kí wọ́n dọ́gba."

Ó yíjú sí Sùlàímọ́nù ọkọ mi. "Alájì, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ohun tó lọ gbọ́dọ̀ ju ohun tó bọ̀, d'accord? Ṣé ẹ gbà?"

Sùlàímọ́nù dìde. Ó jáde sí àgbàlá láì wọ bàtà.

Charif ń wò mí. "Kí ni mo wí?"

Kò wí ohun tó burú. Bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí ló sọ.

Firdaus, ọmọ wa, ló máa ń bẹ̀ wá fún àpótí ẹja yìí.

Lóṣù tó kọjá, òun àti bàbá rẹ̀ jọ kó aṣọ lọ tà ní Kaya. Mo dúró lẹ́nu géètì, mo ṣàdúrà fún wọn: "Bí ẹ ṣe lọ ni ẹ ó ṣe bọ̀."

Mọ́tò gbókìtì lójú ọ̀nà.

Bàbá rẹ̀ nìkan ló bọ̀.