Bàtà Ẹsẹ̀ Òsì

Ìdí ààrò búrẹ́dì àdúgbò wọn ní ìlú Taza ni Yamna wà láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ pé Miloud, ọmọ rẹ̀, tún ti jalè.

"Bàtà ẹsẹ̀ òsì kan ṣoṣo ló jí," ni Fadma aládùúgbò wí. "Níwájú àgọ́ ọlọ́pàá! Kò tiẹ̀ sáré. Ìyá Miloud, ṣé ẹ ò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jalè ni? Àbí ẹlẹ́sẹ̀ kan ló fẹ́ tà á fún?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Yamna kó búrẹ́dì rẹ̀ láìjinná, ó gba ilé lọ.

Kò sí ìwé kan lórí pẹpẹ Miloud. Ó ti tà wọ́n, ni Yamna rò. Ọdún mẹ́rin ni Miloud fi ṣẹ̀wọ̀n nítorí alùpùpù tó jí. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ẹ̀kọ́ òfin. Ìdánwò àṣekágbá nìkan ló kù nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀. Lóṣù tó kọjá, Yamna bá a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí yunifásítì tó ń ṣètò ìdánwò náà.

"Ẹ mú ìwé ọlọ́pàá wá," ni akọ̀wé wí, "èyí tí kò lábàwọ́n."

"Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ̀ ń gbé ìdánwò wá bá wa lẹ́wọ̀n, ọ̀gá?" ni Miloud wí.

"Ẹlẹ́wọ̀n nìyẹn wà fún. Ìwọ ti jáde. Ẹni tó kàn!"

Miloud dúpẹ́. Yamna ò dúpẹ́ ní tiẹ̀. Ó bú akọ̀wé náà títí wọ́n fi tì í síta. Láti ìgbà náà, ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ni Miloud ń lọ, kò sì dárúkọ yunifásítì mọ́. Lálẹ́ Ọjọ́rú, ó béèrè bóyá ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ ti gbẹ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, adájọ́ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn béèrè bóyá wọn á gbé e débẹ̀ kó tó di Ọjọ́ Ajé.

Lọ́jọ́ Ajé, Yamna gbé jàlàbíà wọ̀, ó gbọ̀nà ẹ̀wọ̀n. Kò gbé oúnjẹ dání. Èébú ló kó lọ.

"Ẹ pe olè yẹn jáde fún mi!" ó kígbe. "Mo fẹ́ bi í ta ló kọ́ ọ lólè nílé wa!"

Wọ́dà fi ìka sẹ́nu. "Ẹ rọra, Ìyá. Ẹ jókòó. Ìdánwò àṣekágbá ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ yín tó kó ìwé rẹ̀ wá látilé ló sì kọ́kọ́ wọlé, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun."

Oṣù mẹ́fà, iṣẹ́ káfíńtà kan, àti ojú tí ìyá rẹ̀ ì bá fi wo àwọn obìnrin ìdí ààrò: iye tó ná Miloud láti jókòó síbẹ̀ nìyẹn.