Ọ̀nà Tí Alárápé Ń Gbà Pa Èèyàn Lẹ́rìn-ín

Gẹ́gẹ́ bí Súnmọ́lá Alárápé ṣe máa ń sọ ọ́, akọrin òpẹ́rà kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo Enugu. Àwọn tó kù ń pariwo ni. “Maestro”, ìyẹn ọ̀gá nínú orin, ló ní kí wọ́n máa pe òun. Ẹni tó bá pè é ní Súnmọ́lá níbi tó ti ń ra búrẹ́dì ní Thinkers Corner, kò ní dá a lóhùn. Nínú oòrùn ọ̀sán gangan, síkáàfù ló ń wé mọ́ ọrùn, kí afẹ́fẹ́ má baà ba ohùn náà jẹ́.

Nígbà tí Madam Nkiru, olùdarí ẹgbẹ́ akọrin wọn, fún un ní ipa ẹlẹ́fẹ̀, inú bí i. Òpẹ́rà Ítálì ni, eré tí wọ́n ń fi orin ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun ni yóò sì ṣe arúgbó ahun kan tó fẹ́ fi tipátipá fẹ́ ọmọdébìnrin. Ó ní ọba ni wọ́n ń fi irú ohùn tòun ṣe. Díẹ̀ ló kù kó kọ̀ ọ́. Àfi ìgbà tó gbọ́ pé Chief Anikwe, tó ní ilé iṣẹ́ omi ní Ninth Mile, ń bọ̀ wá wò wọ́n, àti pé yóò mú akọrin kan ṣoṣo tí yóò rán lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Ítálì fún ọdún méjì. Alárápé ti di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì. Ó mọ̀ pé bí eléyìí bá fo òun, ó parí nìyẹn, ẹ̀rù sì ń bà á gan-an.

Oṣù méjì ni wọ́n fi dánrawò ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Maryland ti Enugu. Àwọn tó kù ń kọ́ ọ̀rọ̀ Ítálì sórí. Alárápé ń fi “la la la” kọ tirẹ̀.

“Maestro, when you go learn the words?” Madam Nkiru bi í.

“Madam, no worry. The voice must rest.”

Zuliat, agùnbánirọ̀ láti Ọ̀fà tó ń bá wọn ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, náà wá bá a, ó tẹ orúnkún díẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ó ku ọ̀rọ̀ orin tiyín. Gbogbo àwọn tó kù ti fún mi.”

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Wọ́n ní àwọn èèyàn máa kà á ni, sà.”

“Kà á kẹ̀? Ṣé kíkà ni wọ́n ń ka orin ní Ọ̀fà tiyín? Ohun tó o bá ti gbọ́ lẹ́nu mi, kọ ọ́ síbẹ̀.”

“Gbogbo ẹ̀, sà?”

“Gbogbo ẹ̀!”

Zuliat dúpẹ́, ó lọ. Alárápé mọ̀ pé ìwé pélébé tí wọ́n ń pín lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sí, kò sì sẹ́ni tó ń ka ìyẹn.

Ó ní ọgbọ́n tirẹ̀, ó sì ṣàlàyé ẹ̀ fún Tósìn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá.

“Ta ló gbọ́ Ítálì ní Enugu yìí? Èdè wa ni mo máa fi kọ ọ́, màá kàn máa ká ahọ́n kò. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹlẹ́fẹ̀, kó mú ẹnì kan láàárín èrò, kó máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú ẹlẹ́fẹ̀ náà á máa yí fúnra ẹ̀, èrò á sì rẹ́rìn-ín.”

“Àwọn Yorùbá tó bá wà níbẹ̀ ńkọ́?”

“Zuliat nìkan ni. Ta ló máa sọ fún?”

Nígbà tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tí eré náà wáyé, gbọ̀ngàn náà kún dẹ́nu. Alárápé ò wo apá kìíní eré náà. Yàrá ẹ̀yìn ló wà, ó ń fi omi atalẹ̀ fọ ọ̀nà ọ̀fun. Ó gbọ́ pé kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín fún àwọn tó kù, àánú wọn sì ṣe é.

Nígbà tó jáde, Chief Anikwe ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bà lé ní ìjókòó iwájú, pẹ̀lú fìlà pupa àti aṣọ tí wọ́n ya orí kìnìún sí. Ó ti rí ẹni tó ń wá.

“Ẹ wo baba oníkùn,” ló fi bẹ̀rẹ̀, ó ká ahọ́n kò, ó gbé ohùn sókè, “ikùn ẹ̀ ti jókòó, òun alára ṣì wà ní géètì.”

Èrò dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ̀rín tó bú jáde. Alárápé mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ tó bá jinlẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó wọ èèyàn lórí. Ó tún rí i pé gbogbo wọn gbójú sókè, wọ́n ń wo ibi tó ga ju orí rẹ̀ lọ. Ohùn rẹ̀ ló gbé wọn dé òkè bẹ́ẹ̀.

“Kìnìún ara aṣọ ẹ̀ ń tijú,” ló tún kọ. “Kò mọ orin, kò mọ ijó, àga iwájú nìkan ló mọ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé obìnrin kan ṣubú lórí àga. Chief nìkan ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ṣí fìlà, ó sorí kodò. Orin ti wọ̀ ọ́ lára. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ìkélé, Madam Nkiru ń ju ọwọ́ méjèèjì, ó dájú pé ó fẹ́ kí ohùn náà ròkè sí i. Alárápé sì gbé e ròkè.

Inú rẹ̀ dùn débi pé omi lé ròrò sí i lójú. Ó ti ń rí ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ó na ọwọ́ sí Chief, ó fi gbogbo agbára inú rẹ̀ kọ ìlà tó kẹ́yìn, ó sì fà á gùn títí èémí fi tán.

Gbọ̀ngàn dàrú. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń lu àga, Chief Anikwe sì dìde, ó mú ọ̀nà ilẹ̀kùn pọ̀n. Alárápé gbà pé ó fẹ́ lọ múra ọ̀rọ̀ tó máa sọ ni.

Ó tẹríba fún èrò lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá yíjú padà láti kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn, ìgbà yẹn ló rí ìlà ìkẹyìn náà lára ògiri funfun lókè, tí Zuliat ti túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe túmọ̀ gbogbo èyí tó ṣáájú, tó sì ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ bí orin ṣe ń jáde, ní lẹ́tà tó tóbi tó apá èèyàn: Bí òmùgọ̀ yìí bá rán mi dé Ítálì, n ò ní padà wá kí i láéláé.