Ohùn Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ẹ́ńjìnnì méjì tó ń lo iná mànàmáná tí Lásún mẹ́káníìkì gbé síwájú mi kò tóbi ju àgbọn lọ. Ó ní kí n mú ọ̀kan fún ọkọ̀ ìsáré tí bàbá mi kú fi sílẹ̀, nítorí inú ìgò bíi ti oògùn ikọ́ ni wọ́n ti ń ta bẹntiróò báyìí.

"Èyí ń sáré bí ìjì, ṣùgbọ́n kò lóhùn rárá," ló wí. "Èkejì ń rọra lọ, àmọ́ ẹ lè fi ohùn tó bá wù yín sí i. Ẹnu géètì yín nìkan ni òfin ti gbà kó pariwo."

"Èyí tó ń sáré ni kó o fún mi jàre. Ta ló ń ra ariwo?"

Màmá mi, tó ti jókòó sínú ọkọ̀ láti àárọ̀, yọ orí síta. "Lásún, ṣé ó lè dún bíi ti tẹ́lẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ ká gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, Mà."

Ó da ìgò bẹntiróò kan sí ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Ọkọ̀ náà bú ramúramù lẹ́ẹ̀mejì, bí bàbá ṣe máa ń mú un bú ní géètì kí màmá lè gbé omi ẹ̀bà kaná. Ojú màmá tàn. Mo ní kí Lásún fi èyí tó ń rọra lọ sí i.

Nírọ̀lẹ́, a rọra wakọ̀ lọ sílé láìdún. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ohùn náà á jọ ti bàbá lóòótọ́. Bá a ṣe dé géètì, ọkọ̀ bú lẹ́ẹ̀mejì. Èmi àti màmá la jọ wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ kí n tó pa ọkọ̀, màmá ti bọ́ sílẹ̀ wọlé, mo sì ń gbọ́ omi tó ń dà sínú ìkòkò.