Ọwọ́ Ilẹ̀kùn Tó Wà Lápò Akíndèjì

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wọkọ̀ láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á tán kí ẹ tó wọ ọkọ̀ mìíràn. Èmi tí mò ń kọ ọ́, àyà mi ṣì ń já.

1.
Gbogbo wa la mọ wàhálà ọ̀nà yìí: kòtò lọ́tùn-ún lósì, èrò mẹ́rin lẹ́yìn, dírẹ́bà á ní òun ti ń lọ, á tún máa pe èrò. Ti dírẹ́bà kan tó ń jẹ́ Akíndèjì tún yàtọ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ ju yàrá ẹlòmíì lọ, kò sì sí ohun tó ń bí i nínú bíi kí èèyàn gbá ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Ṣé fìríìjì yín nìyẹn ni? Ẹ rọra pa á o!"

Nígbà tó sú u, ó tú ọwọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn méjèèjì tó wà nínú ọkọ̀ kúrò. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn kò lè jáde mọ́, àfi kí Akíndèjì sọ̀kalẹ̀ wá ṣílẹ̀kùn láti ìta. Gíláàsì ẹ̀yìn náà kò ṣeé yí sílẹ̀. Ó wá ń gbé ọ̀kan nínú ọwọ́ ilẹ̀kùn náà kiri nínú àpò sòkòtò, á yọ ọ́ han ẹni tó bá ń ráhùn.

Sọ̀fíyàt, tó ń ránṣọ ní Ọ̀kà, bi í pé: "Bọ̀dá, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, báwo la ṣe máa jáde?"

"Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀? Èmi ni mo lọkọ̀, èmi ni màá ṣílẹ̀kùn."

2.
Lọ́jọ́ ọjà Ìkàrẹ́ kan, ìyá Akíndèjì fúnra rẹ̀, Màmá Lucy, wọ ọkọ̀ náà. Orúnkún ń dà á láàmú. Òun àti Sọ̀fíyàt ló wà lẹ́yìn, Baba Badmus tó jẹ́ àgbẹ̀ sì wà níwájú. Wọ́n kọjá Àkùngbá, wọ́n ń gun òkè Ọ̀kà, Baba ní òun ti débi tí òun ń lọ.

Bíréèkì ọwọ́ ọkọ̀ yẹn ti kú tipẹ́. Òkúta ni Akíndèjì fi ń há táyà bó bá dúró lórí òkè. Lọ́jọ́ yẹn, ó gbé àpò iṣu Baba jáde ní búùtù, ṣùgbọ́n kò mú òkúta tó wà níbẹ̀ jáde.

"Akíndèjì, òkúta ńkọ́?"

"Baba, ẹ jẹ́ ká gbé iṣu yín kúrò lójú títì ná. Mo mọ ọkọ̀ mi."

3.
Wọn kò tíì sọ àpò kalẹ̀ tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí sẹ́yìn, jẹ́ẹ́jẹ́. Màmá rò pé ọmọ òun ti wọkọ̀ ni. Ó wo iwájú, kò sẹ́nì kankan nídìí sítíárì.

"Déjì! Ṣílẹ̀kùn! Déjì o!"

Ọwọ́ rẹ̀ ń wá ohun tí kò sí níbẹ̀. Akíndèjì ń sáré, ọkọ̀ ń sáré jù ú lọ, ọwọ́ ilẹ̀kùn ń gbá a nítan nínú àpò. Sọ̀fíyàt gorí àga bọ́ sí iwájú, ó na ọwọ́ sẹ́yìn.

"Màmá, ẹ dì mí mú!"

Orúnkún Màmá kò gbé e. Sọ̀fíyàt bẹ́ gba ẹnu ilẹ̀kùn dírẹ́bà, ó ṣubú sójú títì. Ọkọ̀ ń gbé Màmá nìkan lọ, àpáta ló dá a dúró.

Gbogbo ilẹ̀kùn ti wọ́, kò sí èyí tó ṣeé ṣí. Akíndèjì ń fi ọwọ́ ilẹ̀kùn yẹn lu gíláàsì, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ìyá rẹ̀ ń pè é láti inú.

4.
Màmá kò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ni wọ́n gé.

Ṣùgbọ́n títí dòní, kò lè jókòó síbi tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn. Bí atẹ́gùn bá pa á dé, á figbe ta: "Déjì, ṣílẹ̀kùn!" Akíndèjì ti tú gbogbo ilẹ̀kùn yàrá ilé wọn, kọ́tìnì ló kù. Á jókòó tì í, á di ọwọ́ rẹ̀ mú. Síbẹ̀, Màmá ń pè é kó wá ṣílẹ̀kùn.

Ẹ̀yin dírẹ́bà, ẹ̀mí èèyàn ju ilẹ̀kùn lọ. Ẹ̀yin èrò, ẹ fọwọ́ wá ọwọ́ ilẹ̀kùn kí ọkọ̀ tó gbéra. Bí kò bá sí, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ má ní ilé kò jìnnà. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí dírẹ́bà tí ẹ bá mọ̀. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.